Ibi tí wọ́n bá ti di kọ̀ńténà: ohun tí èbúté Lẹ́kì lè jẹ́ fún ilẹ̀ Ọ̀kun

Ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí èbúté omi jíjìn tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, iṣẹ́ ajé ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní pẹrẹu. Láti ìgbà náà, ohun kan náà ni à ń gbọ́ nípa rẹ̀: bí omi rẹ̀ ṣe jìn tó, bí ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ ṣe tóbi tó, iye bílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n ná. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì, màá sì kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà tàbí ní Ìyàmọyè, ní ilẹ̀ Ọ̀kun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, tó ní àpò kajú tàbí kòkó nílẹ̀, ohun tirẹ̀ ló fẹ́ mọ̀. Ǹjẹ́ èbúté yìí máa fi nǹkan kún iye tí wọ́n ń ra kìlò kan lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìdáhùn mi ni pé bí èbúté bá dá dúró ní ààyè rẹ̀, tí àwa náà jókòó síhìn-ín, kò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Ibi tí wọ́n bá ti kó ẹrù sínú kọ̀ńténà, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì fi èdìdì dì í pa, ibẹ̀ ni èrè ń dúró sí. Fún ẹrù ilẹ̀ Ọ̀kun, Èkó ni ibẹ̀ wà títí di òní.

Kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ omi. Ọ̀nà omi Àpápá àti Tin Can kò jìn ju bíi mítà 13 àti ààbọ̀ lọ. Ti Lẹ́kì jẹ́ mítà 16 àti ààbọ̀. Mítà mẹ́ta ni ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu ọkọ̀ tó lè wọlé tòun ti ẹrù kíkún. Bí ẹrù inú ọkọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìdí rẹ̀ ṣe ń rì wọ omi tó. Níbi tí omi kò bá ti jìn, iyanrìn ìsàlẹ̀ ló máa gbé e dúró. Ìdí nìyí tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá kì í fi í wá sí Nàìjíríà tààrà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n á já ẹrù wa sílẹ̀ ní Lomé tàbí Tẹmà, ọkọ̀ kékeré á tún wá kó o lọ sí Èkó. Kọ̀ńténà kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e sókè tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba owó rẹ̀, ọjọ́ sì ń lọ láàárín. Bí ẹrù tiwa bá ń jáde, ọ̀nà náà ló ń gbà padà. Wọ́n ṣe Lẹ́kì kó lè gba ọkọ̀ tó ru kọ̀ńténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 tó 18,000. Ní ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀, ó lè gba kọ̀ńténà mílíọ̀nù 1.2 lọ́dún, bí wọ́n bá kọ́ ọ parí, mílíọ̀nù 2.7.

Owó tó wọ inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù dọ́là kan àti ààbọ̀. China Development Bank yá wọn ní mílíọ̀nù 629 dọ́là nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ méjì, China Harbour Engineering Company àti Tolaram, ló jọ ni ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ni 20. NPA, àjọ tó ń mójú tó èbúté Nàìjíríà, ni 5. CMA CGM, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti ilẹ̀ Faransé, ló ń darí ibi ìkó-kọ̀ńténà. Ọdún 45 ni àdéhùn náà.

Ẹ tún wo ìpín yẹn dáadáa. Ìjọba àpapọ̀ tó dúró fún gbogbo wa ni 5, Èkó ni 20. Èkó ló ni ilẹ̀, Èkó ló sì máa fara gba ariwo àti eruku, kò sí ẹjọ́ nínú ìyẹn. Ohun tó kàn wá ni pé èrè ìpín kò ní gba ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ Kogí kọjá. Owó Kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń wọ àpò àpapọ̀ tí gbogbo ìpínlẹ̀ ti ń pín. Owó VAT, ìyẹn owó orí ọjà, náà wà níbẹ̀: nínú òfin owó orí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó kan àwọn ìpínlẹ̀ yóò máa tẹ̀lé ibi tí wọ́n ti lo ọjà. Bí ọjà tó gba Lẹ́kì wọlé bá ti wá di títà ní Kàbà, tí ẹni tó tà á sì ní ìwé ọjà tó pé, ó yẹ kí wọ́n kà á mọ́ Kogí. Bí ìwé kò bá sí, wọn ò ní kà á mọ́ wa. Mo fẹ́ kí àwọn oníṣòwò wa mọ èyí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ìwé ọjà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ju agbowó-orí lọ.

Lẹ́kì kọ́ ló kọ́kọ́ dé sí etíkun yìí. Lomé ti ní èbúté kọ̀ńténà tó jìn láti ọdún 2014, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi MSC sì fi ibẹ̀ ṣe ojúkò rẹ̀. Tẹmà ṣí tirẹ̀ lọ́dún 2019. Àbíjàn ṣí èkejì tirẹ̀ lọ́dún 2022. Ohun tí gbogbo wọn ń dù ni ẹrù ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn: Niger, Burkina Faso, Mali, àti Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje ọdún 2023, tí ECOWAS fòfin de orílẹ̀-èdè náà, ẹrù tó ń gba Kotonú lọ sí Niamey dúró. Lomé ló jàǹfààní, nítorí ọ̀nà Burkina ṣì ṣí sílẹ̀. Nàìjíríà kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀: àwa gan-an ti ti ẹnubodè wa, kò sì sí rélùwéè tó so Lẹ́kì mọ́ àríwá. Omi jíjìn nìkan kò lè fa ẹrù orílẹ̀-èdè mìíràn wá bí ọ̀nà ilẹ̀ bá já.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú Nàìjíríà la wà.

Ilẹ̀ wa mọ èbúté tipẹ́. Odò ló sọ Lọ́kọ́ja di ìlú ńlá. Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ń kó ẹrù níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọmọ ogun wọn ti gba Kàbà kọjá lọ bá Bídà jà lọ́dún 1897. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilẹ̀ àríwá ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900. Títí di òní, olú ilé iṣẹ́ NIWA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀nà omi inú ilẹ̀, Lọ́kọ́ja ló wà. Ṣùgbọ́n odò kún fún iyanrìn, ọkọ̀ ojú omi dín kù, tírélà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, wọ́n ṣí èbúté Baro ní ìpínlẹ̀ Niger, lókè odò sí Lọ́kọ́ja. Ilé wà níbẹ̀, ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ọ̀nà tó dé ibẹ̀ ni kò dára, ẹrù kò sì wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èbúté tí kò lọ́nà ṣe ń rí, kò nílò kó lọ jìnnà.

Ọ̀nà wa sí Lẹ́kì ńkọ́? Ohun tí inú mi dùn sí jù nípa ibi tí wọ́n kọ́ èbúté yìí sí nìyí, n kò sì tíì rí ẹni tó ń fi ariwo tó yẹ sọ ọ́. Ẹrù wa tó ń lọ sí Àpápá gbọ́dọ̀ la àárín ìlú Èkó já. Èyí tó ń lọ sí Lẹ́kì kò ní ìdí kankan láti wọ àárín ìlú Èkó. Láti Kàbà, ẹ gba Ìyàmọyè bọ́ sí Òmùò Èkìtì, Ìkọ̀lé, Adó, Àkúrẹ́, Oǹdó, títí dé Ọrẹ̀. Láti Ọrẹ̀, ẹ bọ́ sí òpópónà tó ń lọ sí Ṣàgámù, ẹ yà ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ẹ̀pẹ́ ló kàn, lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ ẹ ti wọ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì. Àwọn tó wà ní ìhà Ìyàgbà lè gba Ẹ̀gbẹ̀ àti Òmù-Àrán dé Ìlọrin, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, láti Ìbàdàn sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú méjèèjì, awakọ̀ kò rí afárá Èkó kankan. Ní ti ibi tó wà, ẹ̀yìn ilé wa ni Lẹ́kì wà ju Àpápá lọ.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ihò pọ̀ láàárín Kàbà sí Òmùò àti láàárín Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀. Nítorí àwọn ajínigbé, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í fẹ́ rin ọ̀nà ìhà Kàbà lóru, nítorí náà ìrìn tó yẹ kó parí láàárọ̀ kejì á di ọjọ́ mẹ́ta. Kọ̀ńkéré tí wọ́n da sí ọ̀nà Ọ̀bàjànà sí Kàbà, kìlómítà 43, fi hàn wá bí ọ̀nà tó lè gba tírélà ṣe yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó wà ní Ọ̀bàjànà, tó lè ṣe tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 16.25 lọ́dún, ló nílò ọ̀nà náà, òun ló ṣe é, wọ́n sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó orí rẹ̀. Àgbẹ̀ kajú kò ní owó orí bílíọ̀nù tí wọ́n lè yọ ọ̀nà kúrò nínú rẹ̀. Ìjọba ló gbọ́dọ̀ ṣe tiwọn.

Ìṣòro mìíràn tún wà tó jẹ́ ti òṣèlú pátá. Wọ́n ti dá àjọ ìdàgbàsókè sílẹ̀ fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan báyìí. Kogí wà lábẹ́ ti àárín gbùngbùn àríwá. Èkìtì, Oǹdó, Ògùn àti Èkó wà lábẹ́ ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà wa sí Lẹ́kì bọ́ kúrò lọ́wọ́ àjọ kan ní Ìyàmọyè, ó bọ́ sọ́wọ́ òmíràn ní Òmùò. Nínú àwòrán àjọ àríwá, ọ̀nà wa lọ sí Lọ́kọ́ja àti Abùjá. Nínú àwòrán àjọ gúúsù, ilẹ̀ parí ní ààlà Èkìtì. Ẹrù wa ń lọ sí gúúsù, orí àwa fúnra wa ni wọ́n ń kà mọ́ àríwá. Kò sí ẹnì kankan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo ọ̀nà náà láti ìdí dé òpin.

Kajú ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ báyìí, nítorí òun ló ń jáde jù lọ́dọ̀ wa. Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń mú kajú jáde jù ní Nàìjíríà. Ìhà ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ti Ìyàgbà, Bùnú àti Ìjùmú kò kéré. Láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Karùn-ún ló ń já bọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń lọ sí Vietnam àti Íńdíà tòun ti èèpo lára.

Ẹni tó ń rà á lókèèrè kò ra èèpo, ọmọ inú rẹ̀ ló ń rà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ iye ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n á bu díẹ̀díẹ̀ láti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpò, láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, wọ́n á pò ó pọ̀, wọ́n á wọn kìlò kan. Wọ́n á ka ẹyọ tó wà nínú kìlò náà. Bí iye rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni kajú náà ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á là á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣa èyí tó dára sápá kan, èyí tó lámì tàbí tí kò gbó sápá kejì, èyí tó jẹrà tàbí tó ṣófo sápá kẹta. Wọ́n á wọn apá kìíní pátá. Ìdajì ìwọ̀n apá kejì ni wọ́n á fi kún un. Apá kẹta kò wọ inú ìṣirò. Gíráàmù tó bá jáde, wọ́n á fi 80 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á fi 453.6 pín in, kó lè di iye páùn ọmọ kajú tó wà nínú àpò kìlò 80. Gíráàmù 272 á jẹ́ páùn 48. Gíráàmù 255 á jẹ́ 45. Gíráàmù 17 nínú kìlò kan ló mú páùn mẹ́ta lọ, páùn kọ̀ọ̀kan tó bá sì dín sí àdéhùn ni wọ́n ń yọ owó rẹ̀.

Ní abúlé, ta ni ó ń ṣe ìṣirò yìí fún àgbẹ̀? Ẹni tó wá rà á ló lọ́bẹ, òun ló ni síkéèlì, òun náà ló máa sọ iye tó jáde. Nígbà tí kò bá sí àyẹ̀wò rárá, iye kan náà ni wọ́n á fi ra ti ẹni tó sá kajú rẹ̀ dáadáa àti ti ẹni tó ká a láìgbó. Ẹni tó ṣe dáadáa ló ń san gbèsè ẹni tí kò ṣe dáadáa. Ọ̀bẹ ìlàjú kan, síkéèlì tó ń ka gíráàmù àti ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú kajú kò ju ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé kan lè dá owó rà lọ.

Omi inú kajú gbọ́dọ̀ wà láàárín 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó wọ kọ̀ńténà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ńténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 ń gba kajú tó bíi tọ́ọ̀nù 16, ìyẹn àpò 200 tó jẹ́ kìlò 80 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rà á nígbà tí omi inú rẹ̀ jẹ́ 12, tó sì gbẹ dé 9 kó tó dé ibi tó ń lọ, tọ́ọ̀nù 16 yẹn á ti di nǹkan bíi 15 àti ààbọ̀. Kìlò tó lé ní 500, àpò mẹ́fà àti ààbọ̀, ti di afẹ́fẹ́. Olùrà mọ èyí, nítorí náà ó ti yọ ọ́ kúrò nínú iye tó sọ fún àgbẹ̀ kó tó kúrò nílé. Èyí sì ni ìpàdánù tó rọrùn nínú méjì. Bí omi náà kò bá ráyè jáde, inú kọ̀ńténà ló máa wà: oòrùn á mú un gòkè lọ́sàn-án, òtútù òru á sọ ọ́ di ìrì lára irin òrùlé, á sì máa kán sórí àpò. Àpò òkè á hu, ọmọ inú á dúdú, páùn 48 tí wọ́n fọwọ́ sí á di 42 ní Vietnam.

Nítorí náà, kí kajú já fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ṣà á. Kí ẹ yọ èso ara rẹ̀ kúrò pátápátá lọ́jọ́ náà, nítorí omi èso tó bá kù lára rẹ̀ ló ń fa ìhunhun. Kí ẹ sá a sórí ilẹ̀ oní-sìmẹ́ǹtì tàbí tapólì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa yí i, kí ẹ sì bò ó lálẹ́. Àpò ìdọ̀họ ni kí ẹ lò. Àpò ajílẹ̀ oníke kì í jẹ́ kó mí. Kí àpò má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Pákó ni kí ẹ tò ó lé.

Kọ̀ńténà náà ní òfin tirẹ̀. Kí ẹnì kan wọ inú rẹ̀, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ibi tó bá ti rí ìmọ́lẹ̀ ni òjò máa gbà wọlé. Kí ó gbóòórùn rẹ̀: kọ̀ńténà tó ti kó ẹja tàbí kẹ́míkà rí kò yẹ fún ohun jíjẹ. Kí pákó ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kó má ní ìṣó tó yọrí. Ẹ fi bébà kíráfù bo ògiri àti ilẹ̀, ẹ so àpò tó ń fa ọ̀rinrin kọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín àpò òkè àti òrùlé. Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, fosfíìnì, nílò bíi ọjọ́ márùn-ún nínú kọ̀ńténà tí wọ́n ti pa. Ó lè pa èèyàn. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló gbọ́dọ̀ fi í sí i, kí wọ́n sì lẹ àmì ìkìlọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n: láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2016, òfin àgbáyé kò jẹ́ kí kọ̀ńténà wọ ọkọ̀ láìsí ìwé tó sọ ìwọ̀n rẹ̀ tòun ti ẹrù inú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kì í ṣe gbogbo èyí ní Kàbà? Kọ̀ńténà òfìfo ló kọ́kọ́ fà á. Èkó ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń kó o sí. Bí ẹ bá fẹ́ di ẹrù ní Kàbà, tírélà gbọ́dọ̀ gbé e lófìfo wá, kó tó gbé e padà pẹ̀lú ẹrù: owó ọ̀nà méjì. Oníṣòwò á kúkú kó àpò sínú tírélà lásán lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan l'Ékòó, wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á tún un sá, wọ́n á tún un dì. Alágbàárù Èkó gba owó, onílé ìkẹ́rùsí gba owó, ayẹ̀wò gba owó, alápò gba owó. Ẹ wo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ọ̀dọ́ Kàbà lè ṣe.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí àwọn èèyàn kò lò tó. Kọ̀ńténà ọjà òkèèrè ń gba Lọ́kọ́ja lọ sí Abùjá, òfìfo ni wọ́n sì ń gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà sí Èkó. Bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó ni kọ̀ńténà náà bá fún yín ní ìwé pé ẹ lè lò ó, ẹ ti yọ owó ọ̀nà kan kúrò. Ohun mẹ́ta ló ń bà á jẹ́: kí ilé iṣẹ́ tó máa gbé ẹrù yín má jẹ́ èyí tó ni kọ̀ńténà, kí kọ̀ńténà má yẹ fún ohun jíjẹ, kí ọjọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún ẹni tó kó ọjà wọlé ti pé, tí dẹ́múrèèjì, owó ìdádúró ojoojúmọ́, ti ń sáré lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ ti bá ejẹ́ńtì sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí tírélà tó kúrò ní Abùjá.

Ìwé ló tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ tó ń rí sí ọjà tó ń lọ sókèèrè, kí ẹ tó lè kó ohunkóhun jáde. Báńkì ló ń bá yín ṣe fọ́ọ̀mù NXP, ìyẹn fọ́ọ̀mù ọjà tó ń jáde, ẹ ó sì san ìdá ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà náà fún ètò àbójútó. NAQS, àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, ló ń fún yín ní ìwé pé kòkòrò àti àrùn kò sí lára rẹ̀. Àwọn ayẹ̀wò ìjọba ló ń kọ ìwé pé ohun tí ẹ sọ ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Owó tó bá wọlé gbọ́dọ̀ padà sí báńkì láàárín ọjọ́ 180. Níbi ayẹ̀wò ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí àwọn òṣìṣẹ́ kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń kó ẹrù wọlé, wọ́n lè já èdìdì yín l'Ékòó, kí wọ́n tú àpò sílẹ̀. Gbogbo bébà àti ètò tí ẹ ti ṣe ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní ti kòkó àti kọfí, ìwé mìíràn tún ń bọ̀. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí pípa igbó run fẹ́ mọ ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ gan-an, àti pé wọn kò gé igbó níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ti sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n wọn ò fagi lé e. Àwọn oko kòkó Ìjùmú àti Kàbà tó ti dàgbà kò ní ìṣòro pẹ̀lú ọjọ́ yẹn; àìsí ẹni tó ya àwòrán wọn ni ìṣòro. Fóònù kan tó ní GPS lè ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a máa béèrè kì í ṣe èbúté ńlá míràn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní ọdún 2018, wọ́n ṣí èbúté orí ilẹ̀ ní Kàdúná. Ó ṣòro fún un láti rí ẹrù tó, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò fẹ́ kọ ìwé ẹrù títí dé Kàdúná, rélùwéè kò sì gbé kọ̀ńténà wá bó ṣe yẹ. Kí a má ṣe irú rẹ̀ ní Kàbà, kí wọ́n wá gé ríbọ́nù kí koríko hù bò ó. Ibi ìdẹ́rù ni kí a béèrè: ilẹ̀ oní-kọ̀ńkéré tó lè gba tírélà tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 40 lọ, síkéèlì tírélà kan, ilé ìkẹ́rùsí tó ní òrùlé gíga, yàrá àyẹ̀wò kan, àti ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀ ní àkókò kajú tí Kọ́sítọ́ọ̀mù, NAQS àti àwọn ayẹ̀wò á jọ pàdé níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà ní Kàbà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ lè máa ṣe àyẹ̀wò páùn àti omi, kí ìwé wọn sì jẹ́ ohun tí àgbẹ̀ máa fi dúnàádúrà. Orí ọ̀nà tó pàdé láti Lọ́kọ́ja, Òkénè, Ẹ̀gbẹ̀ àti Òmùò ni Kàbà wà. Kò sí ìlú tó tún yẹ jù ú lọ.

Rélùwéè Ìtakpé sí Warri, kìlómítà 326, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987 tí wọ́n sì ṣí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, wà nítòsí wa. Irin ni wọ́n ṣe é fún, láti Ìtakpé sí Ajaòkúta àti Aladja. Omi Warri kò jìn bíi ti Lẹ́kì, nítorí náà kò lè rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ bí wọ́n bá fi ibi ìkó-kọ̀ńténà kan sí Ìtakpé, oníṣòwò wa á ní ọ̀nà méjì, onítírélà ò sì ní lè gbé owó lé e bó ṣe fẹ́. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn dé èbúté Àpápá; kò sí èyí tó dé Lẹ́kì. Bí wọ́n bá so Lẹ́kì mọ́ rélùwéè lọ́jọ́ kan, ẹrù tó ti wà nínú kọ̀ńténà lórí ilẹ̀ wa ló máa kọ́kọ́ gùn ún.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gómìnà ló ń gba ẹnu wa jù. Láti ọdún 1991 tí wọ́n ti dá Kogí sílẹ̀, ilẹ̀ Ọ̀kun kò tíì ní gómìnà tí wọ́n dìbò yàn, ìrora yẹn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, Abùjá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: Kọ́sítọ́ọ̀mù, rélùwéè, NAQS, àjọ àwọn olùkẹ́rù. Àwọn aṣojú wa méjì nílé aṣòfin kékeré àti sẹ́nétọ̀ wa lè bi wọ́n láìdúró de gómìnà kankan. Ìbò ọdún 2027 ń bọ̀. Ẹni tó bá dé Kàbà, Ìyàrá tàbí Ìsánlú, ẹ bi í pé ọdún wo ni ọ̀nà Ìyàmọyè sí Òmùò máa wọ ìwé ìṣúná. Ẹ bi í pé ta ló ti kọ̀wé sí lórí ibi ìkó-kọ̀ńténà ní Ìtakpé. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ ni òṣìṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù àti NAQS máa jókòó ní Kàbà nígbà tí kajú bá tún já.